Iléeṣẹ́ tí ń ta iná, tí ó sì ń fẹ́ kí a má rà á púpọ̀

Ọlọ́jà tí ń bẹ oníbàárà pé kí ó dín ọjà tí ó ń rà lọ́wọ́ òun kù kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí ó jẹ́ ti aráàlú ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà nìyẹn nípa ètò ìṣọ́-iná-lò, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù máa rí ìmọ́lẹ̀ àti ìtura tí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀, kí iná tí mítà yóò kà sì kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Kí a pa gbogbo iná kí a sì jókòó sínú òkùnkùn kọ́ ni.

Àpẹẹrẹ tí ó yè kooro ni ti Sacramento, olú ìlú ìpínlẹ̀ California. Ìbò ni àwọn ará agbègbè náà fi dá SMUD, iléeṣẹ́ iná wọn, sílẹ̀ ní ọdún 1923, ìbò náà ni wọ́n fi ń yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí ń darí rẹ̀, kò sì ní onípìn-ín tí ń retí èrè lópin ọdún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1989, wọ́n dìbò pé kí a ti Rancho Seco pa, iléeṣẹ́ núkílíà SMUD tí agbára rẹ̀ ju mẹ́gáwáàtì 900 lọ, nítorí pé ó ń ṣe dákú-dájí, tí owó iná sì ń ga sí i. Nígbà tí S. David Freeman di ọ̀gá àgbà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kò wá iléeṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo tí yóò rọ́pò èyí tí ó kú. Ó ka iná tí aráàlú bá ṣọ́ lò sí iná tí iléeṣẹ́ pèsè, ó sì náwó lé e lórí.

Wákàtí tí ìlò iná bá ga jù lọ ni iléeṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún, ìbáà ṣe wákàtí mélòó kan péré láàárín ọdún, nítorí bí iná kò bá kárí nígbà náà, ìlú yóò ṣókùnkùn. Ní Sacramento, ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí ooru lè kọjá ìwọ̀n 38 Celsius, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn ní gbogbo ilé. Iná tí a bá rà níta ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ sì ni ó máa ń wọ́n jù.

Igi ni ó jọni lójú jù nínú ètò náà. Láti ọdún 1990, SMUD àti àjọ Sacramento Tree Foundation ti ń fún àwọn onílé ní igi lọ́fẹ̀ẹ́, iye rẹ̀ sì ti kọjá 500,000, ṣùgbọ́n wọn kì í kàn gbé igi fún ènìyàn kí ó lọ rì í síbi tí ó bá wù ú. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ilé ni ibòji ti wúlò jù, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gba ojú fèrèsé wọlé ní wákàtí tí iná wọ́n. Igi tí ń wọ́wé ní ìgbà òtútù ni ó sì dára jù, kí oòrùn lè ráàyè mú ilé lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn tí ó gbin odán síwájú ààfin nílẹ̀ Yorùbá kò ní mítà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí wọn.

Ètò náà kan fíríìjì pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá ra tuntun, ti àtijọ́ kì í sábà kú. Gáréèjì ni ó ń lọ, níbi tí yóò ti máa torí ìgò bíà mélòó kan jẹ iná tọ̀sán-tòru, ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ náà fi ṣètò láti wá gbé e kúrò nílé. Ní ti àwọn oníṣòwò, gílóòbù àti yàrá tí a ń kó oúnjẹ tútù sí ni wọ́n ń pààrọ̀, iléeṣẹ́ iná a sì dá apá kan owó náà padà fún wọn.

Ayálégbé ni ètò yìí kò ṣe lóore tó, nítorí onílé ni yóò ra ẹ̀rọ, ayálégbé ni yóò san owó iná, onílé kò sì rí ìdí tí òun yóò fi náwó. Ìwé tí SMUD bẹ̀rẹ̀ sí fi ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé kan ní ọdún 2008, tí ó fi ìlò wọn wé ti aládùúgbò, dín ìlò kù ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 péré, ṣùgbọ́n èyí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ra ohunkóhun, ayálégbé náà sì lè jẹ nínú rẹ̀.

Ilé gogoro méjì tí wọ́n fi ń mú omi Rancho Seco tutù tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ẹsẹ̀ bàtà 400 lọ, ṣì wà lórí ìdúró. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ni wọ́n tò sítòsí wọn.