Àtíkè Olówó Pọ́ọ́kú Láti Òkè Òkun: Ẹ Kọ́kọ́ Dán An Wò

Lónìí, obìnrin tó ń gbé ní Venez-Voir, ní ìlú Libreville, lè fi fóònù ra àtíkè àti ìtọ́tè olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà láì dé ọjà Mont-Bouët. Àmọ́, kó tó kan ojú, ẹ fi díẹ̀ pa inú apá yín, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ 2. Tó bá ń yún yín tàbí tó wú, ẹ má lò ó. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá rí “mercury,” “mercure,” “Hg” tàbí “calomel,” pàápàá lára ìpara tó ń bóra, ẹ yẹra fún un: májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ni. Tí wọn ò bá kọ èròjà kankan sí i ńkọ́? Ẹ má fi kan ojú rárá. Owó tẹ́ ẹ ná ṣì lè padà wá. Ojú kan ṣoṣo lẹ ní.