Ooru Omi àti Adùn Kọfí

Iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó gbin kọfí kì í ṣe kékeré. Igi náà yóò lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so dáadáa. A óò ká èso rẹ̀, a óò bó o, a óò sá a, a óò sì yan án. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré tí omi fi ń kọjá lára rẹ̀ tó láti sọ gbogbo làálàá náà di asán. Bí kọfí bá kan, tàbí tí ó korò jù, kóró rẹ̀ ni a máa ń dá lẹ́bi. A kì í sábà bi omi léèrè. Àwọn kan sọ pé omi tí ó bá ń hó a máa ba kọfí jẹ́. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ibo ni òtítọ́ wà?

Kọfí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni èyí tí a ń da omi gbígbóná lé lórí nínú asẹ́, tí omi náà sì ń kán sínú ife nísàlẹ̀. Melitta Bentz, ìyàwó ilé kan ní ìlú Dresden ní Jámánì, ni ó gba àṣẹ ìjọba lórí asẹ́ oníwèé ní 1908. Ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí ìkòkò idẹ, ó sì tẹ́ ìwé tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa tàdáwà gbẹ sínú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aláró. Aláró a máa da omi lé eérú lórí nínú ìkòkò onihò. Ohun tí ó ń kán nísàlẹ̀ kì í ṣe omi lásán mọ́, nítorí ó ti fa agbára inú eérú jáde.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi ń ṣe sí kọfí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun inú kọfí kọ́ ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ohun kíkan ni ó máa ń ṣáájú. Adùn a tẹ̀ lé wọn. Ìkorò líle a sì kẹ́yìn. Ooru ni ó ń mú ìrìn wọn yá. Bí omi bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohun kíkan yóò ti jáde nígbà tí adùn ṣì wà nínú kọfí. Bí omi bá gbóná gan-an, tí ó sì pẹ́ lára kọfí tí a lọ̀ kúnná, ìkorò yóò bo adùn mọ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn nídìí iṣẹ́ yìí máa ń dámọ̀ràn omi tí ooru rẹ̀ wà láàrin 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì fa nǹkan bí ìdá 18 sí 22 nínú 100 jáde lára kọfí lílọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kọfí yàtọ̀ sí kọfí. Èyí tí a yan dúdú tètè ń tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Omi tí ó rọlẹ̀ díẹ̀ tó o. Èyí tí a yan fẹ́ẹ́rẹ́ le; omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni ó yẹ ẹ́. Ibùgbé ẹni náà lọ́wọ́ sí i. Ní etí òkun, omi ń hó ní 100; ní Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà, tí ó ga ju mítà 2,300 lọ, nǹkan bí 92 ni ó ti ń hó. Ẹni tí ó bá ní kí omi tutù díẹ̀ níbẹ̀ kí òun tó dà á lè fi adùn ṣòfò.

Ǹjẹ́ ooru fúnra rẹ̀ ni ahọ́n ń tọ́ wò bí? Ní 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Kalifóníà tí ó wà ní Davis tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n fi omi 87, 90 àti 93 po kọfí, wọ́n sì tún àwọn nǹkan yòókù ṣe kí agbára kọfí náà àti ìwọ̀n ohun tí omi fà jáde lè dọ́gba. Àwọn tí a ti kọ́ ní ìtọ́wò kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàrin wọn. Èyí kò sọ ooru di aláìwúlò. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọ̀nà ni ooru jẹ́. Ohun tí ó bá fà jáde ni ahọ́n ń mọ̀.

Nítorí náà, bí kọfí bá kan, a lè fi kún ooru omi, a lè lọ̀ ọ́ kúnná sí i, a sì lè jẹ́ kí omi pẹ́ lára rẹ̀. Bí ó bá korò jù, kí a ṣe òdìkejì. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Olùkọ́ lè fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kọfí kan náà, ìwọ̀n kan náà, àkókò kan náà, omi olóoru mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá tọ́ ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kò ní yára dá kóró kọfí lẹ́bi mọ́.