Èròjà Tó Ń Jí Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Kí Oògùn Lè Pa Á

Inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹmoterápì ni wọ́n fi ń gbógun ti èyí tó máa ń yára gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ ni cytarabine, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn oògùn náà, máa ń pa. Èyí tó bá sùn lè bọ́, kí àrùn sì tún padà.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi yẹ G-CSF wò, èròjà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Èrò wọn ni pé, bí wọ́n bá fún aláìsàn pọ̀ mọ́ kẹmoterápì, yóò jí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó sùn, oògùn yóò sì rí i pa.

Ní ọdún 2003, èsì ìwádìí kan láti ilẹ̀ Yúróòpù jáde lórí aláìsàn 640, ẹni ọdún 18 sí 60. Nínú àwọn tí àrùn kọ́kọ́ kúrò lára wọn, ìdá 42 nínú 100 àwọn tó gba G-CSF ni àrùn kò padà sí lára wọn, tí wọ́n sì wà láàyè, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìdá 33 ni ti àwọn tí kò gbà á. Àmọ́, kò ran àwọn tí àrùn tiwọn burú jù lọ́wọ́.

Nítorí náà, dókítà ló gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tó yẹ kó gbà á. Bí ara ẹni tó ń gba kẹmoterápì bá gbóná, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí agbára ara rẹ̀ láti kojú kòkòrò àrùn ti dínkù.