Gíláàsì Ni Ìyá

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo fọ́ gíláàsì bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wọn kò jìnnà sí ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́. Mo gbé gíláàsì náà sókè sí oòrùn kí n lè rí àwòrán inú rẹ̀. Ìyàwó kan ni, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Gèlè rẹ̀ tó funfun lára fọ́tò orí ògiri wá dúdú bí èédú. Ẹ̀rù bà mí, ó bọ́. Bàbá ò nà mí. Wọ́n ní: "Gíláàsì ni ìyá, bébà lọmọ. Ìyá tí o pa yẹn ò ní bímọ mọ́."

Iṣẹ́ fọ́tò orí gíláàsì yìí ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní 1851, Frederick Scott Archer, ará Ìlú Ọba, gbé ọ̀nà kan jáde: òwú tí ásíìdì ti yí padà ni wọ́n ń yọ́ sínú íítà àti ọtí líle. Wọ́n á da omi tó ki yìí sórí gíláàsì, wọ́n á rì í sínú omi fàdákà, wọ́n á yà á ní tútù, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ ní tútù. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó gbẹ dànù. Ẹ wá ro ti oòrùn Ouando mọ́ ọn! Ayàwòrán tó ń rìnrìn àjò ní láti gbé àgọ́ òkùnkùn dání. Archer kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí. Òtòṣì ló kú ní 1857.

Jẹ́látínì ló gbà wá. Ẹni tó bá ti rí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù tó dì mọ́jú ti mọ̀ ọ́n. Dókítà Richard Leach Maddox ló dábàá ní 1871 pé kí a fi í gbé fàdákà sórí gíláàsì. Ìyẹn ṣeé gbẹ, ó ṣeé kó sínú àpótí lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì aláwọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1930, Fádà Francis Aupiais, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, àti ayàwòrán Frédéric Gadmer wá sí Dahomey; Albert Kahn, olówó ará Faransé, ló náwó sí i. Autochrome ni Gadmer lò, èyí tí àwọn arákùnrin Lumière ti ń tà láti 1907. Wọ́n á rẹ hóró sítáàṣì ànàmọ́ òyìnbó ní àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé àti elésèé àlùkò, wọ́n á fọ́n ọn sórí gíláàsì, kí wọ́n tó fi fàdákà bò ó. Sítáàṣì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣùgbọ́n gíláàsì yìí kì í bímọ: òun fúnra rẹ̀ ni fọ́tò, ẹyọ kan ṣoṣo.

Èyí tí Gadmer yà ní Dahomey lé ní 1,000. Wọ́n wà ní Musée Albert-Kahn ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris, ilé náà sì ti gbé ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà nílé, ẹ ṣí i fún wọn lórí fóònù, bóyá wọ́n á dá ojú kan tàbí ojúlé kan mọ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀.