Bí orin Ẹ̀fẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí ìtàn ní Pobè àti Sakété

Lóṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò ní Paris, wọ́n sì fa ààlà la ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn já. Pobè, Sakété àti Kétu, tó wà ní Benin lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìjọba òyìnbó kún fún ọ̀rọ̀ owó-orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kó lọ sójú ogun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ará ìlú sọ sí i, àfi kó lọ gbọ́ Ẹ̀fẹ̀.

Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, nínú ọjà, kí àwọn eléré ìbojú Gẹ̀lẹ̀dé tó jó lọ́jọ́ kejì. Akọrin á gbé igi ọnà rù, ṣaworo irin á máa dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn obìnrin alágbára. Lẹ́yìn náà ló máa ń tú àṣírí: olóyè tó jẹ owó ìlú, òfin tó ń ni èèyàn lára. Kò sẹ́ni tó lè mú un sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè parọ́ gbé e, torí ẹni tọ́rọ̀ kàn wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbè é lẹ́nu náà sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orin tó bá wọ ìlú lára, wọn á máa kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Anthony Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ tí wọ́n bí lọ́dún 1939, mọ èyí láti ilé. Nígbà tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi orin Ẹ̀fẹ̀ àti ẹnu àgbà ti ìwé ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ̀wé lórí bí àwọn Ọ̀họ̀rí, nínú àbàtà ẹ̀gbẹ́ Pobè, ṣe kọ̀ fún Faransé, títí kan ọ̀tẹ̀ ìgbà ogun 1914 sí 1918. Lọ́dún 1975, nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣàkójọ, ó fi hàn pé orísun ìtàn gidi ni Ẹ̀fẹ̀. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé e lọ́dún 1976.

Àwọn olùwádìí tó jẹ́ àlejò náà ti kọ́ pé a kì í dá irú iṣẹ́ yìí ṣe láìsí onílé. Pierre Verger, ọmọ Faransé, di babaláwo ní Kétu lọ́dún 1953, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Henry Drewal, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí Gẹ̀lẹ̀dé lágbègbè yìí pẹ̀lú Margaret Thompson Drewal ní àwọn ọdún 1970, bá Rowland Abíọ́dún, onímọ̀ ọmọ Yorùbá, ṣe ìwé kan lọ́dún 1994. Orúkọ Abíọ́dún ló ṣáájú lára rẹ̀. Ohun tó yẹ nìyẹn.

Síbẹ̀, akọrin fúnra rẹ̀ kò tíì dé ara èèpo ìwé. Lójú tèmi, onímọ̀ ni, kì í ṣe ẹni tí a kàn bi léèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, Faransé sì ni ọmọ Pobè fi ń kàwé. Ẹ̀yin olùwádìí tí téèpù orin Ẹ̀fẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ẹ̀dà rẹ̀ padà sí Pobè àti Sakété, ẹ tẹ orin náà ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ orúkọ akọrin sí i.