Ọlọ́fà-iná: Oríkì Àwọn Tìmì Ẹdẹ Lójú Àwọn Lámèyítọ́

Nínú oríkì àwọn Tìmì Ẹdẹ, gbajúgbajà ni orúkọ náà Ọlọ́fà-iná, tí wọ́n fi ń ki Tìmì Àgbàlé, ẹni tí ìtàn sọ pé Aláàfin rán láti Ọ̀yọ́ wá ṣọ́ ẹnu ibodè. Orúkọ kan yìí tó láti fi dán ọ̀nà ìṣelámèyítọ́ wò.

Lámèyítọ́ tí ó gbójú lé ìṣọwọ́lo-èdè yóò tú àkànpọ̀ orúkọ náà palẹ̀, yóò sì ka iye ìgbà tí ó jẹyọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá ní 1966, tí Ọlátúndé Ọlátúnjí sì ṣe lórí àbùdá ewì alohùn ní 1984. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n kò béèrè ẹni tí ọfà náà bà.

Ìtàn ni yóò dáhùn ìyẹn. Lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́, Tìmì ni balógun tí agbára rẹ̀ ba Aláàfin lẹ́rù tí ó fi rán Gbọ̀nkáà sí i. Èyí ni Dúró Ládípọ̀ mú lò nínú Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963. Ní Ẹdẹ, ọfà kan náà ni ìpìlẹ̀ ìlú. Ẹni tí ó bá ní inú ọ̀rọ̀ nìkan ni ìtumọ̀ wà, kí ó kọ́kọ́ sọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ.

Karin Barber, tí ó ṣe ìwádìí ní Òkukù, kọ ọ́ ní 1984 pé oríkì kò rí bí ìwé olóǹkọ̀wé kan tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orísun tirẹ̀. Ó rí i pé èyí jọ ohun tí àwọn atúpalẹ̀ ará Yúróòpù ń wí, síbẹ̀ kò gbà pé tíọ́rì wọn tó, nítorí iṣẹ́ gidi ni oríkì ń ṣe láàrin ènìyàn.

Níbi ìlù ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jọba láti 1946 di 1975, mọ dùndún lù dáadáa, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ohùn nìkan ni dùndún ń gbé, kì í gbé kọ́nsónáǹtì. Àárín, òkè, ìsàlẹ̀, àárín, òkè: Ọlọ́fà-iná nìyẹn, ṣùgbọ́n “ọlọ́jà ilé” náà ni. Ẹni tí ó mọ ìdílé ọba ni yóò parí rẹ̀; nítorí náà, ìdajì ewì wà létí olùgbọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Àyàn a máa ki ọba kí ọba lè ta á lọ́rẹ. Nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ bá gbé ìlù kọ́ èjìká tí ó ń ki àwọn baba ńlá rẹ̀, ta ni ń tọrọ lọ́wọ́ ta? Ewì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé kò lè fi èyí hàn, àfi bí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bá sọ ẹni tí ó lù ú, àti àwọn tí ó wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ọ.