Kí Ẹ Tó Na Apá fún Abẹ́rẹ́ Ibà Pọ́njú

Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ìjọba South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfurufú Johannesburg. Wọ́n ní yẹ́lò káàdì wọn kì í ṣe ojúlówó. Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ South Africa padà, títí ìjọba wọn fi tọrọ àforíjì. Irú ìtàn báyìí ló ń mú kí káàdì náà ká wa lára ju abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń béèrè àìsàn tó ń ṣe wá àti oògùn tí à ń lò, "rárá" ni ọ̀pọ̀ máa ń fi dáhùn gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ṣáà lè tètè lu òǹtẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè.

Kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà?

Kòkòrò àrùn ibà pọ́njú fúnra rẹ̀ ni, ó sì wà láàyè. Lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1927. Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York wá ń tọ́ ọ lábẹ́ àyẹ̀wò léraléra, títí ó fi di ọ̀lẹ tí kò lè jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà jáde lọ́dún 1937, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951. Títí di òní, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń tọ́ kòkòrò yìí.

Bí ó bá wọ ara tó le, ara á kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ayé. Láti oṣù keje ọdún 2016, káàdì náà kì í parí iṣẹ́ mọ́, àmọ́ ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìrìnàjò.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Nínú ènìyàn 100, bíi 10 sí 30 ni orí lè fọ́, tí ara lè ro, tàbí tí ibà díẹ̀ lè mú. Ibi tí wọ́n gún sì lè máa dùn wọ́n. Kò sí ewu níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, á lọ.

Ewu gidi wà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Ẹnìkan nínú bí 100,000 ni ara rẹ̀ lè kọ abẹ́rẹ́ náà lójijì, tí ojú á wú, tí èémí á sì há. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó máa lọ. Kòkòrò náà tún lè kọlu ọpọlọ àti iṣan, tàbí kó ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́ bí ibà pọ́njú gan-an ṣe ń ṣe. Èyí tó ń kọlu ẹ̀dọ̀ yìí ṣọ̀wọ́n jù, àmọ́ ó lè pani. Bí ibà líle, èébì, ojú pípọ́n bí òféfèé, ẹ̀jẹ̀ dídà, ọrùn gígan tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá dé, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́.

Àwọn wo ni kò gbọdọ̀ gbà á?

- Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 6.
- Ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu rárá, tí ó bá jẹ ẹ́ tí èémí á há.
- Ẹni tó ní kòkòrò HIV tí àmì àìsàn ti ń hàn lára rẹ̀, tàbí tí CD4 rẹ̀ kò tó 200.
- Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, tàbí tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ìjà ara kù.
- Ẹni tí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní thymus, lẹ́yìn egungun àyà, ń ṣàìsàn tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́.

Ara àwọn wọ̀nyí lè má lágbára láti dá kòkòrò ọ̀lẹ yẹn dúró.

Àwọn kan wà tí dókítà gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tiwọn sórí òṣùwọ̀n: aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ oṣù 6 sí 8, àti ẹni tó ti pé ọdún 60 tí kò gba abẹ́rẹ́ náà rí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń bọ̀ wá wẹ ọmọ ní London, ẹ fetí sí èyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè káàdì yìí kí àlejò tó wọlé. Síbẹ̀, ibà pọ́njú wà nílé: lọ́dún 2017, ó ṣẹ́yọ ní Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Dókítà ló máa wo ewu méjèèjì kó tó dá mọ́mà lóhùn.

Bí ẹ kò bá lè gbà á ńkọ́?

Òfin ìlera àgbáyé fi àyè sílẹ̀. Dókítà lè kọ ìwé, kó fọwọ́ sí i, pé ìlera yín kò gba abẹ́rẹ́ náà. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ló máa pinnu bóyá ó gbà á, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kì í ka òǹtẹ̀. Ẹ má sì purọ́ fún nọ́ọ̀sì: ẹ̀yin lẹ máa gbé ohun tó bá wọ ara yín lọ, kì í ṣe òun.